Ohun Tó Wà Nínú Yàrá Ẹ̀gbọ́n Wáyà

Àwọn àgbà ní iṣẹ́ kì í pani. Ó wù mí kí ẹni tó kọ́kọ́ sọ ọ̀rọ̀ yẹn wá jókòó sórí àga tí Ẹ̀gbọ́n Wáyà fi sílẹ̀ fún wa, kó sì máa gbé fóònù tó wà lórí tábìlì rẹ̀ fún ọ̀sẹ̀ kan péré. Á tún ọ̀rọ̀ rẹ̀ sọ.

Ilé Ẹ̀jẹ̀ ni wọ́n ń pe ibi iṣẹ́ wa. Ibẹ̀ ni àwọn ènìyàn ti ń wá fi ẹ̀jẹ̀ wọn tọrẹ, ibẹ̀ la ti ń yẹ̀ ẹ́ wò, tí a ń tọ́jú rẹ̀ sínú fíríìjì, tí a sì ń fi í ránṣẹ́ sí àwọn ilé ìwòsàn tó bá béèrè fún un. Èmi ni mò ń lẹ àmì mọ́ ara àpò ẹ̀jẹ̀. Èmi náà ni mò ń gbé fóònù nígbà tí ẹni tó yẹ kó gbé e bá ti sá lọ jẹun. Ẹ̀gbọ́n Wáyà ló ń bójú tó kọ̀ǹpútà. Tábìlì rẹ̀ àti tèmi fara kan ara wọn, nítorí náà kò sí ìmí ẹ̀dùn kan tó mí láti àwọn ọdún wọ̀nyí tí etí mi ò gbọ́.

Ọjọ́ tó kọ́kọ́ dé ló ti gba orúkọ ìnagijẹ yẹn. Obìnrin tó kàwé yanjú ni, ètò ni wọ́n gbà á wá kọ sínú kọ̀ǹpútà, ṣùgbọ́n abẹ́ tábìlì ló ti lo ìdajì ọjọ́ náà, tó ń tú wáyà tí eku ti jẹ àti èyí tí àwa fúnra wa ti so kọ́ra. Ẹnì kan bá kígbe láti ẹnu ọ̀nà pé, "Ẹ̀gbọ́n tó ń tún wáyà ṣe dà?" Ó parí. Títí tó fi fẹ̀yìn tì, àwọn nọ́ọ̀sì kan wà tí wọn ò mọ̀ pé ó ní orúkọ mìíràn.

Ó sanra díẹ̀, kókósẹ̀ rẹ̀ sì máa ń wú tó bá ti di ọ̀sán. Sílípáàsì kan wà lábẹ́ tábìlì rẹ̀ tó máa ń ki ẹsẹ̀ bọ̀, tìmùtìmù kan sì wà tó fi ń gbé ẹ̀yìn ró, tí àárín rẹ̀ ti tẹ́ pátápátá. Kì í pariwo. Tó bá ti rẹ̀ ẹ́, á yọ awò ojú rẹ̀, á fi àtẹ́lẹwọ́ bo ojú méjèèjì, á wá sọ jẹ́jẹ́ pé, "Ó dáa, ẹ jẹ́ ká máa lọ." Kò sí ẹlòmíì níbẹ̀. Mo rò pé ẹsẹ̀ rẹ̀ méjèèjì ló ń bẹ̀.

Ètò tó kọ ni gbogbo Ilé Ẹ̀jẹ̀ fi ń mí. Àpò kọ̀ọ̀kan ló ní nọ́ńbà tirẹ̀. Tí o bá tẹ nọ́ńbà náà, ètò á sọ fún ọ bóyá àyẹ̀wò ẹ̀jẹ̀ náà mọ́, ọjọ́ tí yóò bàjẹ́, àti inú fíríìjì tó wà. Kí ètò yìí tó dé, ọwọ́ la fi ń kọ gbogbo rẹ̀. Nígbà tó dé, a sinmi ìwé kíkọ, inú wa sì dùn bí inú ọmọ tí wọ́n fún ní ìsinmi. Wàyí o, bí ètò yẹn bá dákẹ́, ẹ̀jẹ̀ lè kún inú fíríìjì bámúbámú, ẹnikẹ́ni ò ní láyà láti fi àpò kan ṣoṣo jáde, torí kò sí ẹni tó mọ èyí tó mọ́ yàtọ̀ sí èyí tí kò mọ́. Ìdí nìyẹn tí Ẹ̀gbọ́n Wáyà kì í fi í lọ ìsinmi. Wọ́n máa ń fún un láyè láti lọ o. Á di báàgì rẹ̀, á kí wa pé ó dìgbóṣe. Kó tó rí ibi jókòó nínú ọkọ̀ ni fóònù rẹ̀ á ti dún, èmi ni wọ́n sì máa ń ní kí n pè é.

Ìyá rẹ̀ ń gbé ìlú mìíràn, ìrìn tó gùn díẹ̀. Ìyá náà ti darúgbó, iyè rẹ̀ sì ti ra. Àbúrò Ẹ̀gbọ́n Wáyà, obìnrin bíi tirẹ̀, ló ń tọ́jú ìyá láti ọjọ́ tó ti pẹ́. Òun ló ń wẹ̀ ẹ́, òun ló ń bọ́ ọ, òun ló ń tilẹ̀kùn kí ìyá má bàa jáde sí títì, torí wọ́n fi í sọ́dọ̀ ará ilé kan rí, ọ̀nà tí ọkọ̀ ń gbà ni wọ́n ti lọ fà á kúrò. Ojú wá ń dun àbúrò yìí. Dókítà ní ojú náà ń kú lọ díẹ̀díẹ̀, pé iṣẹ́ abẹ ló kù. Wọ́n dá ọjọ́ iṣẹ́ abẹ lẹ́ẹ̀mejì, ẹ̀ẹ̀mejèèjì ló yẹ̀, nítorí pé Ẹ̀gbọ́n Wáyà tó yẹ kó wá dúró ti ìyá kò lè kúrò lọ́dọ̀ wa. Nígbà àkọ́kọ́, iná mànàmáná ló ba ẹ̀rọ ńlá wa jẹ́. Ti ẹ̀ẹ̀kejì, mi ò tilẹ̀ rántí ohun tó bàjẹ́ mọ́, òun náà ò sì rántí. Dókítà ní òun á tún dá ọjọ́ kan sí i, ṣùgbọ́n bí èyí bá tún yẹ̀, ojú yẹn ò ní dúró de ẹnikẹ́ni.

Àárọ̀ ọjọ́ Ẹtì kan ni ó dá iṣẹ́ abẹ náà sí. Ẹ̀gbọ́n Wáyà bá fi ọjọ́ ìfẹ̀yìntì rẹ̀ sí Ọjọ́bọ̀ tó ṣáájú rẹ̀ gan-an.

"Tí orúkọ mi ò bá sí lọ́dọ̀ wọn mọ́," ó sọ fún mi, "kí ni wọ́n fẹ́ fi pè mí?"

Mo mọ irú ènìyàn tí a jẹ́.

Ọjọ́bọ̀ náà dé. A dúró sí ọ̀dẹ̀dẹ̀, a mu ọtí ẹlẹ́rìndòdò tí kò tutù, a jẹ bisikíìtì. Ọ̀gá pátápátá sọ̀rọ̀ tó gùn nípa ara rẹ̀, ó wá dárúkọ Ẹ̀gbọ́n Wáyà nígbà tó fẹ́ jókòó. Òṣìṣẹ́ wà lóòrùn, ẹni tó máa jẹ ẹ́ wà níbòòji. Lẹ́yìn náà ni Ẹ̀gbọ́n lọ dá káàdì ìdánimọ̀ rẹ̀ padà fún ọ̀gá àwọn oníkọ̀ǹpútà, ọkùnrin kan tí a ń pè ní Ọ̀gá Tuntun torí pé kò tíì pẹ́ tó dé. Ẹni jẹ́jẹ́ ni, ó mọ́ tónítóní, ìlànà sì ni oúnjẹ rẹ̀. Ìlànà kan wà pé ẹni tó bá fi iṣẹ́ sílẹ̀, a gbọ́dọ̀ pa yàrá rẹ̀ rẹ́ lórí ẹ̀rọ ńlá lọ́jọ́ náà gan-an. Ẹ jẹ́ kí n là á yé yín: òṣìṣẹ́ kọ̀ọ̀kan ló ní àyè tirẹ̀ nínú ẹ̀rọ ńlá, níbi tó ń kó iṣẹ́ ara rẹ̀ sí, yàrá la máa ń pè é láàárín ara wa. Àyè gbogboogbò sì wà lọ́tọ̀, níbi tí àwọn ohun tí gbogbo ilé-iṣẹ́ ń lò ń gbé. Ẹ̀gbọ́n Wáyà ń bọ ọ̀gá lọ́wọ́ ni ọ̀gá fi ọwọ́ kejì tẹ bọ́tìnnì, yàrá rẹ̀ sì di òfìfo.

Kó tó dé ẹnu géètì, ètò wa ti kú.

Ojú kọ̀ǹpútà mi kọ́kọ́ funfun, lẹ́yìn náà ló kọ ọ̀rọ̀ kan tí mi ò rí rí, pé òun ò rí ohun tí òun ń wá. Nọ́ọ̀sì Àgbà, tó jẹ́ olórí àwọn nọ́ọ̀sì, kígbe láti ibi fíríìjì. Fóònù dún. Òmíràn dún. Kí n tó mọ ohun tó ń ṣẹlẹ̀, gbogbo ojú ti yí sí mi, torí èmi ni wọ́n mọ̀ sí ẹni tó máa ń pè é. Mo ní mi ò pè. Nọ́ọ̀sì Àgbà ní tí mi ò bá pè, kí n sáré. Mo sáré.

Ibùdókọ̀ tó wà níwájú géètì ni mo ti bá a, báàgì rẹ̀ wà láàárín ẹsẹ̀ rẹ̀. Ó rí mi látòkèèrè, kò sì bi mí pé kí ló dé. Ó kàn ń wò mí bí mo ṣe ń mí gúlegúle.

"Ètò ló kú," mo ní. "Bí wọ́n ṣe pa yàrá yín rẹ́ báyìí ló kú."

Ó wá jókòó lé orí báàgì.

"Yéè," ó ní. "Láíbírì yẹn. Inú yàrá mi ló wà."

Ibẹ̀ ló ti sọ fún mi, láàárín àwọn tó ń dúró de ọkọ̀. Nígbà tó kọ́kọ́ dé, ọ̀gá ìgbà náà kò fọkàn tán an, kò fún un láṣẹ láti kó ohunkóhun sí àyè gbogboogbò. Ètò sì gbọ́dọ̀ ṣiṣẹ́. Ó bá kó ohun tí ètò náà nílò jù lọ sínú yàrá tirẹ̀, ó ní tí wọ́n bá fún òun láṣẹ, òun á gbé e lọ síbi tó yẹ. Ọ̀gá yẹn lọ, òmíràn dé, òmíràn tún dé. Ètò ń ṣiṣẹ́, kò sì sẹ́ni tó ń tú ohun tó ń ṣiṣẹ́ wò. Ìgbà ò lọ bí òréré. Òun fúnra rẹ̀ gbàgbé. Gbogbo ọdún wọ̀nyí, inú yàrá obìnrin kan ni gbogbo Ilé Ẹ̀jẹ̀ ń gbé, kò sì sí ẹnì kankan tó mọ̀.

"Ẹ máa lọ," mo sọ fún un. Tọkàntọkàn ni mo sọ ọ́. "Ẹ wọ ọkọ̀ yín. Mo máa sọ pé mi ò bá yín mọ́."

Ó gbójú sókè. "Ṣé ilé ìwòsàn kankan ti pè?"

Ó yẹ kí n purọ́. Ẹnu mi kọ̀ ọ́.

"Wọ́n ti pè," mo ní.

Ó na ọwọ́ sí mi, mo fà á dìde. Bí a ṣe ń padà lọ ló pe àbúrò rẹ̀. Ó ní, "Ọkọ̀ tó kẹ́yìn ni n ó wọ̀ o. Rárá, mo ní mò ń bọ̀. N ó wọ̀ ọ́ dandan." Mo gbọ́ ohùn àbúrò náà nínú fóònù, ó ní, "Mo ti gbọ́, Ẹ̀gbọ́n mi." Kò bínú, kò sunkún, ó kàn sọ ọ́ bí ẹni tó ti gbọ́ ọ rí. Inú bí mi sí gbogbo wa. Ọkọ̀ tó kẹ́yìn máa ń gbéra ní gáréèjì tí ilẹ̀ bá ti fẹ́ máa ṣú, oòrùn sì ti kọjá àárín ọ̀run.

Ọ̀gá Tuntun ti dúró sẹ́nu ọ̀nà yàrá ẹ̀rọ, òógùn bò ó. "Ìlànà ni mo tẹ̀ lé, Mà."

"Mo mọ̀, Ọ̀gá. Ẹ ò ṣẹ̀. Ṣé ẹ ní ẹ̀dà rẹ̀ níbì kan?"

"A kì í ṣe ẹ̀dà yàrá ẹni kọ̀ọ̀kan, Mà. Ti àyè gbogboogbò nìkan la máa ń ṣe."

"Ó dáa. Ẹ bá mi fa àga yẹn wá."

Láíbírì ni wọ́n ń pe ohun tó sọnù náà, ṣùgbọ́n kò sí ìwé kankan níbẹ̀. Bó ṣe yé mi nìyí: ètò tí Ẹ̀gbọ́n kọ ń sọ èdè kan, àká tí gbogbo àkọsílẹ̀ ẹ̀jẹ̀ wà ń sọ èdè mìíràn. Láíbírì yìí ni ògbufọ̀ àárín wọn. Bí kò bá sí, àwọn méjèèjì á kàn máa wo ara wọn. Mo ní ṣebí wọ́n ní gbogbo nǹkan wà lórí íńtánẹ́ẹ̀tì, kí wọ́n lọ mú ọ̀kan wá níbẹ̀. Ẹ̀gbọ́n ní àwọn tó wà níbẹ̀ tí wọ́n ti ṣe tán, àwọn àká ìgbàlódé ni wọ́n ṣe wọ́n fún. Àká tiwa ti darúgbó, wọn ò gbọ́ èdè rẹ̀. Èyí tó bá tiwa mu, aṣọ tí wọn ò tíì rán ni. Èèyàn á gba ìgàn aṣọ àti òwú, á gé e, á rán an fúnra rẹ̀ sí ara ẹni tó fẹ́ wọ̀ ọ́.

Ó bẹ̀rẹ̀. Ohun tó kọ́kọ́ dá a dúró ni fífà á wálẹ̀ láti orí íńtánẹ́ẹ̀tì, torí íńtánẹ́ẹ̀tì wa ń rìn bí ẹni tí wọ́n fi ipá rán níṣẹ́. Nígbà tó dé, Ẹ̀gbọ́n tú u, ó pàṣẹ pé kí ẹ̀rọ yẹ ara rẹ̀ wò bóyá gbogbo ohun tí wọn yóò fi rán aṣọ náà wà nílé. Ẹ̀rọ dáhùn pé kò sí. Àwọn fáìlì kan wà tí àká fi ń ṣàlàyé bí èèyàn ṣe lè bá a sọ̀rọ̀, ẹ̀rọ ní òun ò rí wọn. Ó lọ wá wọn rí nínú díìsìkì àtijọ́ kan tó wà nínú àpótí, láàárín àwọn wáyà. Ó gbé wọn wọlé. Ó tún pàṣẹ. Ẹ̀rọ tún ní ohun mìíràn kù. Ohun tó wà lẹ́yìn ẹ̀fà, ó ju èje lọ.

Mi ò lè ṣe ohunkóhun ju kí n máa bu omi wá. Mo bu omi wá ju bó ṣe yẹ lọ.

Nígbà tó yá, ẹ̀rọ gbà láti máa ka iṣẹ́ náà. Ọ̀rọ̀ ń sáré gòkè lójú kọ̀ǹpútà, Ọ̀gá Tuntun sì ń rẹ́rìn-ín músẹ́, èmi náà bá a rẹ́rìn-ín. Ẹ̀gbọ́n Wáyà nìkan ni kò rẹ́rìn-ín. Ọ̀rọ̀ dúró, ìlà pupa yọ. Ó ṣàlàyé láìyíjú padà pé àwọn tó kọ kóòdù yìí, ìyẹn àwọn àṣẹ tí ẹ̀rọ ń kà, kọ ọ́ láyé ìgbà tí ẹ̀rọ ń fojú fo àwọn àṣìṣe kéékèèké, ẹ̀rọ ìsinsìnyí kì í sì í fojú fo nǹkan kan. Ó ṣí kóòdù náà, ó ń tún un ṣe ní ìlà kọ̀ọ̀kan. Ó tún pàṣẹ, ìlà pupa pọ̀ sí i. Kàkà kí ewé àgbọn rọ̀, koko ló ń le sí i. Ó yọ awò ojú, ó fọwọ́ bojú, ó pẹ́ níbẹ̀ débi pé mo rò pé ó ti sùn.

Ó wá sọ láti abẹ́ ọwọ́ rẹ̀ pé, "Ṣé o mọ̀ pé mi ò korìíra iṣẹ́ yìí rí? Ó kàn rẹ̀ mí ni. Ó rẹ̀ mí tẹnutẹnu."

Mo ní mo mọ̀.

Nọ́ọ̀sì Àgbà yọjú, fóònù wà ní etí rẹ̀. "Wọ́n tún pè láti ilé ìwòsàn o. Ẹ̀gbọ́n, ẹ má bínú. Àgbà kì í wà lọ́jà kí orí ọmọ tuntun wọ́."

"Ọjà ti tú, Nọ́ọ̀sì!" Mi ò mọ ìgbà tí mo pariwo. "Àgbà ti di ẹrù rẹ̀, ó ń lọ sílé, ẹ̀yin lẹ fà á padà!"

"Àwa ńkọ́?" Nọ́ọ̀sì Àgbà fèsì. "Ṣé èmi ni mo sọ pé kí obìnrin tó ń ṣẹ̀jẹ̀ lórí bẹ́ẹ̀dì máa ṣẹ̀jẹ̀?"

Òótọ́ ló sọ, òótọ́ ni mo sọ, kò sì sí èyí tó ń ran ẹnikẹ́ni lọ́wọ́. Ẹ̀gbọ́n Wáyà ti padà sídìí iṣẹ́ rẹ̀ kí a tó dákẹ́.

Oòrùn ti fẹ́rẹ̀ẹ́ kúrò lára ògiri nígbà tí ọ̀rọ̀ sáré lójú kọ̀ǹpútà tí kò sì dúró. Ó sáré títí ó fi tán, kò sí pupa. Ẹ̀gbọ́n Wáyà kò yọ̀. Ó ní ó ku ìdánwò, torí pé ẹ̀jẹ̀ ènìyàn kì í ṣe ohun tí èèyàn ń fi dánra wò. Ó ṣe àká kékeré kan tó ṣófo, ó ní kí láíbírì bá ìyẹn sọ̀rọ̀ ná. Wọ́n gbọ́ ara wọn. Ó mí kanlẹ̀.

Ó wá ku ibi tí yóò gbé e sí. Àyè gbogboogbò ló yẹ, ṣùgbọ́n ẹnikẹ́ni tó bá fẹ́ kó nǹkan síbẹ̀ gbọ́dọ̀ gba ìyọ̀ǹda láti olú ilé-iṣẹ́. Ọ̀gá Tuntun pè wọ́n. Ẹni tó gbé fóònù ní ẹni tó ń fọwọ́ sí i ti lọ sílé, kí wọ́n pè lọ́la.

"Ohun tí a máa ṣe ni pé," Ọ̀gá Tuntun ní, ọ̀rọ̀ náà sì ń yá a lẹ́nu, "mo lè ṣí yàrá yín padà fún yín, Mà. Kíá ni. Ẹ kó o síbẹ̀ bíi ti àtẹ̀yìnwá, ẹ máa lọ. Tí nǹkan bá ṣẹlẹ̀, a kàn máa pè yín."

Mo wo Ẹ̀gbọ́n Wáyà. Mo mọ ohun tó wà lọ́kàn rẹ̀ bí ẹni pé èmi ni mò ń rò ó. Tó bá kó o sínú yàrá rẹ̀, á bá ọkọ̀, ṣùgbọ́n òun àti fóònù ló máa jọ lọ. Ó lè jẹ́ ọ̀la, nígbà tí àbúrò rẹ̀ bá wà lórí bẹ́ẹ̀dì tí ìyá sì ń wá ọ̀nà títì, ni fóònù yẹn máa dún. Tó bá sì kọ̀, tó ní òun á dúró gba ìyọ̀ǹda lọ́la, ojú àbúrò rẹ̀ ti lọ nìyẹn. Ó jókòó bẹ́ẹ̀, ó ń fi àtàǹpàkò nu etí tábìlì.

"Yàrá tiyín ńkọ́, Ọ̀gá?" ó ní.

"Yàrá tèmi?"

"Ẹ̀yin ò tíì fẹ̀yìn tì. Kò sẹ́ni tó máa pa á rẹ́."

Ọ̀gá Tuntun wo ojú kọ̀ǹpútà, ó wo Nọ́ọ̀sì Àgbà tó dúró sẹ́nu ọ̀nà. "Ìlànà ò fẹ́ bẹ́ẹ̀, Mà."

"Ìlànà ò fẹ́ tèmi náà. Ọ̀nà kan ò wọjà."

Ọkùnrin náà ò gọ̀. Ohun tí wọ́n ń gbé lé e lọ́wọ́ yé e yékéyéké, mo rí i lójú rẹ̀. Mo ti ń bínú sí i láti ọ̀sán, ṣùgbọ́n mo gba tirẹ̀ lákòókò yẹn, torí ó kàn fa àga rẹ̀ súnmọ́ tòsí, ó tẹ ọ̀rọ̀ àṣírí tó ń ṣí yàrá rẹ̀ fúnra rẹ̀, ó ní, "Ẹ máa kó o bọ̀."

Bí ọwọ́ Ẹ̀gbọ́n ṣe ń sáré lórí bọ́tìnnì ló ń bá a sọ̀rọ̀. "Tí ìyọ̀ǹda bá ti dé, ẹ gbé e lọ síbi tó yẹ. Lọ́jọ́ náà gan-an ni o. Ẹ má ní ẹ ó ṣe é tó bá yá. Ẹ jọ̀ọ́, Ọ̀gá. Èmi náà sọ bẹ́ẹ̀."

"Mo gbọ́, Mà."

Ètò jí. Nọ́ọ̀sì Àgbà pariwo láti ibi fíríìjì, àpò ẹ̀jẹ̀ jáde, ẹnì kan ń sáré gbé wọn lọ sínú mọ́tò. Nígbà tí ẹnikẹ́ni fi máa rántí pé ó yẹ ká dúpẹ́, mo ti gbé báàgì Ẹ̀gbọ́n Wáyà, a ti wà lójú ọ̀nà. Kò lè sáré. Ó ń rìn kánmọ́kánmọ́ bí ẹsẹ̀ rẹ̀ ṣe gbà á láyè, mo ń sáré lọ síwájú, mo ń sáré padà wá bá a. Nígbà tí a dé gáréèjì, ọkọ̀ ti ń yí. Mo já báàgì lé Ẹ̀gbọ́n lọ́wọ́, mo fi ara dí ọkọ̀ níwájú, awakọ̀ náà bú mi, mo bú u padà. Ìgbà tí mo yíjú, Ẹ̀gbọ́n ti wọlé. Kò juwọ́ sí mi, ọwọ́ kan di ọkọ̀ mú, ọwọ́ kejì di báàgì mú.

Kí n má parọ́ fún yín, ìyọ̀ǹda tí a ń wí yìí ò tíì dé títí di òní. Ọ̀gá Tuntun ń kọ̀wé, wọ́n ń dá a lóhùn pé àwọn ti rí i. Kò tíì lọ ìsinmi.

Ọjọ́ Àbámẹ́ta, ọjọ́ kejì iṣẹ́ abẹ náà, ni mo pe Ẹ̀gbọ́n Wáyà. Kò sẹ́ni tó rán mi. Ó gbé e kó tó dún dáadáa.

"Kí ló tún bàjẹ́?"

"Kò sóhun tó bàjẹ́, Ẹ̀gbọ́n. Mo ní kí n kí yín ni."

"Kò sóhun tó bàjẹ́?"

"Kò sí."

Ó dùn mí. Gbogbo ọdún tí mo fi ń pè é, mi ò pè é rí láti kí i.

Mo bi í nípa àbúrò rẹ̀. Ó ní wọ́n ti ṣe iṣẹ́ abẹ náà, wọ́n fi báńdéèjì bo ojú, dókítà sì ní ojú á ríran. Mo dúpẹ́, mo dúpẹ́, mo wá bi í nípa ìyá. Ó rẹ́rìn-ín, ẹ̀rín tí kò dùn.

Ó ní ilẹ̀ ti ṣú kí òun tó wọlé lọ́jọ́ yẹn, ìyá ti sùn. Ní àárọ̀ ọjọ́ Ẹtì, lẹ́yìn tí àbúrò ti lọ sílé ìwòsàn, ìyá jí, ó bá òun létí bẹ́ẹ̀dì. Ìyá kí òun pẹ̀lú ọ̀wọ̀, bí wọ́n ṣe ń kí àlejò, ó ní, "Ẹ káàárọ̀ o. Ẹ jọ̀ọ́, ta ni yín?"

Òun ní, "Èmi ni, Màmá. Ọmọ yín àgbà ni."

Ìyá náà mi orí. Ó ní, "Ọmọ mi àgbà wà níbi iṣẹ́."

"Ó ti dé, Màmá."

Ìyá fọwọ́ bà á lọ́wọ́, bí ẹni ń ṣìpẹ̀ fún un. "Ẹ ò mọ̀ ọ́n ni," ó ní. "Iṣẹ́ tiẹ̀ kì í tán. Àmọ́ ó ní òun ń bọ̀. Ẹ jókòó, ẹ bá mi dúró dè é."

Ẹ̀gbọ́n Wáyà ní òun jókòó, òun bá Màmá dúró dè é.